Apálá òkun kò ṣeé kọ nílà: bí wọ́n ṣe ń fi àmì inú DNA yan òbí rẹ̀ ní Ṣáínà

Ọmọ_Odò_Ọ̀ṣun · Ọjọ́ Ajé, 7:42 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìyá Ẹlẹ́ja béèrè níbí bóyá àyẹ̀wò DNA lè ràn wá lọ́wọ́ láti yan ẹja àrọ̀ tí a ó fi ṣe òbí. Mo ṣèlérí pé màá kọ ohun tí ojú mi ń rí níbi tí mo wà. Ìlú Qingdao ni mo wà, ní Shandong ní ilẹ̀ Ṣáínà, mo ń kọ́ nípa ọ̀sìn inú omi. Ẹja kọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ wa o. Apálá òkun ni.

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: ẹran ni, kì í ṣe ewébẹ̀. Ó rí gbọọrọ bí apálá, ara rẹ̀ rọ̀, ẹ̀gún tí kì í gún ni wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò ní ọpọlọ, kò ní egungun ẹ̀yìn. Ó ń rákò nísàlẹ̀ òkun, ó ń gbé ẹrẹ̀ mì, ó ń jẹ ohun tó wà nínú ẹrẹ̀. Àwọn ará ibí máa ń sá a gbẹ, wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á sè é. Oúnjẹ olówó ni, wọ́n sì gbà pé ó ń ṣe ara lóore. Èyí tí wọ́n ń sìn jù ní Shandong àti Liaoning ni Apostichopus japonicus, èyí tí wọ́n ń sìn lọ́dún kan ní Ṣáínà sì ti kọjá 200,000 tọ́ọ̀nù.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an rèé. Láyé àtijọ́, bí ẹ bá fẹ́ mọ ilé tí ọmọ kan ti wá, ẹ ó wo ojú rẹ̀: àbàjà ni, pélé ni, gọ̀ǹbọ́ ni. Ẹran ọ̀sìn náà ní tirẹ̀. Ẹ lè gé etí àgùntàn, ẹ lè so aṣọ mọ́ adìyẹ lẹ́sẹ̀, ẹ lè ki ṣíìpù kékeré, ẹ̀rọ bíńtín tó ní nọ́ńbà, sábẹ́ awọ ẹja. Apálá òkun kò gba ọ̀kankan nínú rẹ̀. Ẹ gún àmì mọ́ ọn lára lónìí, kò ní pẹ́ tí ẹran ibẹ̀ á fi rà, àmì á sì bọ́. Ẹ ki ṣíìpù sí i nínú, á wá ọ̀nà tì í jáde. Ẹran yìí tí ó jẹ́ pé bí ìnira bá dé bá a, á bi ìfun ara rẹ̀ dànù, ìfun tuntun á sì hù fún un láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan! Irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀, báwo ni ẹ ṣe fẹ́ kọ ọ́ nílà?

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lọ wo ilà tó wà nínú DNA rẹ̀.

---

Bàbá_Èpẹ́ · 8:05 àárọ̀

Mo rí "apálá" mo sáré wọlé, mo rò pé ẹ fẹ́ lùlù ni. Àṣé kòkòrò ni. Ṣé wọ́n ń fi ìyẹn jẹ èbà?

---

Ọmọ_Odò_Ọ̀ṣun · 8:11 àárọ̀

Bàbá, mo ti tọ́ ọ wò. Pọ̀nmọ́ tí kò rí ata ni.

---

Ìyá_Ẹlẹ́ja_Ìkòròdú · 8:31 àárọ̀

O ṣeun ọmọ mi, Ọlọ́run á jẹ́ kí o kàwé náà já. Ṣùgbọ́n kò tíì yé mi. Láti ọjọ́ tí mo ti ń sin àrọ̀, orí ìwọ̀n ni mo ti ń yan òbí. Èyí tó bá sanra, tó gùn, tí ara rẹ̀ dán, òun ni mo máa ń mú. Kí ni DNA fẹ́ sọ fún mi tí ìwọ̀n mi kò sọ?

---

Ọmọ_Odò_Ọ̀ṣun · 9:20 àárọ̀

Ìyá mi, ẹ kú iṣẹ́. Ibi tí ẹ fọwọ́ bà yẹn gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà.

Lára apálá òkun, irọ́ ni ìwọ̀n ń pa. Omi ló kún inú rẹ̀. Bí ẹ ṣe ń gbé e kúrò nínú omi báyìí ló ń tu omi sílẹ̀, nọ́ńbà orí ìwọ̀n á sì máa já wálẹ̀ lójú yín. Mo ti wọn ẹyọ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nọ́ńbà mẹ́ta ni mo kọ sílẹ̀. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹrẹ̀ yó wúwo, èyí tó bi ìfun dànù lánàá fúyẹ́, kò sì sọ nǹkan kan nípa ẹ̀jẹ̀ ìran wọn.

Èyí ṣì kéré. Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń bí i. Wọ́n á kó àwọn òbí jáde kúrò nínú omi, wọ́n á tẹ́ wọn sí ibòji fún bí ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan kí ara wọn gbẹ díẹ̀, wọ́n á wá da omi tó ń ṣàn lé wọn lórí. Tó bá ti di alẹ́, àwọn akọ ló máa ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á nà ró, wọ́n á gbé orí sókè, wọ́n á máa mì sọ́tùn-ún mì sósì bí ẹni tó gbọ́ ìlù (Bàbá Èpẹ́, ìlù yín dé), àtọ̀ á máa rú jáde bí èéfín sìgá. Lẹ́yìn náà ni abo á tú ẹyin. Abo kan lè tú mílíọ̀nù kan ẹyin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo rẹ̀ dà pọ̀ sínú omi kan náà. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ pàápàá, kò sẹ́ni tó lè wo ìta ara wọn kí ó sọ pé akọ nìyí, abo nìyẹn.

Ká ní ẹ kó ọgọ́rùn-ún òbí sínú omi. Ẹ rò pé ọmọ ọgọ́rùn-ún òbí lẹ ní. Nígbà tí wọ́n bá fi àmì DNA wo àwọn ọmọ tó yè, òbí díẹ̀ ló bí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, àwọn òbí mìíràn kò tilẹ̀ ní ẹyọ ọmọ kan níbẹ̀. Ẹ wá mú ìwọ̀n yín, ẹ ṣa àwọn tó tóbi jù. Ó ṣeé ṣe kí ìdajì ohun tí ẹ ṣà jẹ́ ọmọ ìyá ọmọ bàbá. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni ẹ fẹ́ so pọ̀ bí ọkọ àti ìyàwó yẹn. Kò ní hàn lọ́dún kìíní. Tó bá di ìran kẹta, ìkẹrin, wọ́n á máa rán, wọ́n á máa kú, ẹ ó máa bú omi, ẹ ó máa bú ẹni tó ta oúnjẹ fún yín.

Nítorí náà, kí DNA tó sọ fún yín pé "èyí ló máa tóbi", ó ti kọ́kọ́ sọ pé "ọmọ lágbájá nìyí". Lójú tèmi, èyí ni iṣẹ́ rẹ̀ tó wúlò jù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kọ́ làwọn olùkọ́ wa fẹ́ràn láti máa sọ.

---

Bàbá_Èpẹ́ · 9:44 àárọ̀

Ó dáa, mo ti jókòó. Àmì tí ẹ ń wí yìí, ṣé òun ló ń mú ẹran náà tóbi ni, àbí kí ni?

---

Sisí_Lábù_Ìbàdàn · 10:37 àárọ̀

Rárá o, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n gbà á lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ tí mo ń jẹ nìyẹn.

DNA dà bí ìwé gígùn kan tí lẹ́tà mẹ́rin péré wà nínú rẹ̀: A, T, G, C. Ìwé apálá òkun yìí tó mílíọ̀nù 805 lẹ́tà. Ọdún 2017 ni àwọn onímọ̀ Ṣáínà gbé e jáde, wọ́n sì ka jíìnì, ìyẹn apá ìwé náà tó ń sọ bí ara á ṣe rí, tó lé ní 30,000 nínú rẹ̀. Bí ẹ bá to ìwé ẹran méjì síra wọn, ẹ ó rí ibi tí ẹyọ lẹ́tà kan ti yàtọ̀. SNP ni wọ́n ń pè é. Ẹ ó tún rí ibi tí ọ̀rọ̀ kan ń tún ara rẹ̀ wí bí ẹni tó ń kólòlò, CACACACA, ti ẹ̀yí ní mẹ́jọ, ti ọ̀hún ní méjìlá, microsatellite nìyẹn. Ọmọ á gba ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá, á gba ọ̀kan lọ́dọ̀ bàbá. Bí ẹ bá wo bíi mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún irú ibi bẹ́ẹ̀, ìwọ̀nba ni òbí tó lè sẹ́ ọmọ rẹ̀ mọ́.

Ní ti pé ṣé òun ló ń mú un tóbi: ká ní ẹ ń wá ilé ẹnì kan ní Mọ́kọ́lá. Wọ́n ní bí ẹ bá ti rí mọ́ṣáláṣí aláwọ̀ ewé, ilé kejì ni. Mọ́ṣáláṣí yẹn ni àmì. Ẹni tí ẹ ń wá kò gbé inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó júwe ilé fún yín. Ibi tí wàhálà wà ni pé nígbàkígbà tí òbí bá fẹ́ ṣe ẹyin tàbí àtọ̀, DNA rẹ̀ máa ń já, ó máa ń tún ara rẹ̀ so. Bí àmì bá jìnnà sí jíìnì tí ẹ ń wá, tó bá ti ṣe ìran mélòó kan, mọ́ṣáláṣí ti kúrò ládùúgbò, ẹ ó wá máa kan ìlẹ̀kùn onílé onílé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá àmì tó pọ̀, tó sún mọ́ra. Ní 2015, wọ́n to àmì 7,839 sórí máàpù kan fún ẹran yìí, ó pín sí ìsọ̀rí 22, wọ́n sì fi wá àwọn ibi tó kan ìdàgbàsókè rẹ̀.

---

Ọ̀gá_Adágún · 12:15 ọ̀sán

Ọ̀rọ̀ dùn. Ẹ má bínú, mo fẹ́ da iyọ̀ sí i.

Tìlápíà tí wọ́n ń pè ní GIFT, ọdún 1988 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Philippines. Wọ́n kó òbí láti Íjíbítì, Gánà, Kẹ́ńyà àti Sẹ̀nẹ̀gà, wọ́n pò wọ́n mọ́ ti Éṣíà. Tó fi máa di ìran karùn-ún, ìdàgbàsókè rẹ̀ ti fi ju 80% lọ borí ti àwọn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe DNA ni wọ́n fi yan òbí. Ìwé ni, bírò ni, àti àmì tí wọ́n so mọ́ ẹja lára. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa, ọ̀pọ̀ nínú wa níbí kò ní ìwé àkọsílẹ̀ oúnjẹ oṣù tó kọjá, a wá ń sọ̀rọ̀ DNA.

---

Ọmọ_Odò_Ọ̀ṣun · 1:50 ọ̀sán

Ọ̀gá, mi ò ní bá yín jà, nítorí òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ẹ kọ: "àmì tí wọ́n so mọ́ ẹja lára". Ẹja gbà á. Èyí kò gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe bíi ti GIFT lára apálá òkun, àfi kí ó sin ọmọ ìdílé kọ̀ọ̀kan sínú omi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà náà, bí ìdílé kan bá tóbi, ṣé ẹ̀jẹ̀ wọn ló dáa ni, àbí omi wọn ló mọ́ jù, àbí wọn ò pọ̀ jù níbẹ̀? Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Pẹ̀lú DNA, ẹ lè da ọmọ gbogbo ìdílé sínú omi kan láti kékeré, kí gbogbo wọn jẹ ìyà kan náà, kí ẹ wá pín wọn sílé baba wọn lọ́jọ́ ìwọ̀n.

Wọ́n ti gbìyànjú ọgbọ́n mìíràn. Ní New Caledonia, wọ́n fi apálá òkun sínú omi tí wọ́n po àwọ̀ sí, irú bíi calcein tàbí tetracycline. Àwọn egungun wẹ́wẹ́ tó wà nínú awọ rẹ̀ á mu àwọ̀ náà, ẹ ó máa rí i tó ń tàn lábẹ́ máíkírósíkópù. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn. Ó lè sọ fún yín pé "tiwa lèyí, kì í ṣe ti inú òkun". Ṣùgbọ́n kò lè sọ fún yín pé ọmọ ta ni.

Ohun kan tún wà tí ìwé àti bírò kò lè ṣe dáadáa. Lọ́dún 2018, ooru ńlá kan mú Liaoning nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, apálá òkun tó ṣègbé ju 60,000 tọ́ọ̀nù lọ. Bí omi bá ti kọjá nǹkan bí 20 °C, àwọn àgbà inú wọn máa ń dákẹ́. Wọn ò ní jẹun mọ́, ìfun wọn á sún kì, wọ́n á sùn títí ooru á fi rọlẹ̀. Bí ooru bá wá le jù, oorun yẹn á di ikú. Gbogbo ènìyàn ló ń wá èyí tó lè fara da ooru báyìí. Báwo lẹ ṣe máa yàn án? Bí ẹ bá kó wọn sínú omi gbígbóná láti dán wọn wò, èyí tí kò lè gbà á á kú, èyí tó gbà á á ti bàjẹ́ kí ó tó bọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mọ ìdílé, ẹ lè fi ooru dán ẹ̀gbọ́n wò, kí ẹ fi àbúrò rẹ̀ tí kò fara kan ooru rí ṣe òbí. Bẹ́ẹ̀ náà ni àìsàn tó ń jẹ awọ wọn rà. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí awọ ṣe nípọn tó, tí ẹ ò lè mọ̀ àfi kí ẹ là á, ẹni tí a ti là kò sì lè bímọ mọ́.

Kí n má ṣe parọ́: irú tó lórúkọ níbí kì í ṣe DNA ló bí gbogbo wọn. Shuiyuan No. 1 tí ìjọba fọwọ́ sí ní 2009, ti Ṣáínà àti ti Rọ́ṣíà ni wọ́n so pọ̀ bí i. Ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀, ẹ̀gún tó pọ̀ sì lówó lórí lọ́jà.

---

Sisí_Lábù_Ìbàdàn · 2:26 ọ̀sán

Mo fẹ́ fi kún un, kí ẹnikẹ́ni má baà lọ ra "àmì títóbi" lọ́wọ́ oníjìbìtì. Títóbi kò sí lọ́wọ́ jíìnì kan. Ó dà bí èésú: ọ̀pọ̀ ènìyàn ló dá a, kò sí ẹni tó dá púpọ̀ nínú wọn. Bí ẹ bá di ẹnì kan mú pé òun lolówó, owó kékeré lẹ máa bá lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń wá àmì ńlá kan tàbí méjì, ó já ọ̀pọ̀ kulẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe báyìí ni kí wọ́n ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún àmì pa pọ̀, kí wọ́n ṣírò owó tí gbogbo wọn dá, kí wọ́n fún ẹran kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Kí ìṣirò yẹn tó lè ṣiṣẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ ti wọn ọ̀pọ̀ ẹran, kí ẹ sì ti ka DNA àwọn tí ẹ wọ̀n. Lẹ́yìn ìran díẹ̀, ẹ ó tún un ṣe. Nítorí náà Ọ̀gá Adágún jàre níbì kan: DNA tí kò sí ìwé àkọsílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, owó tó wọ omi lọ ni.

---

Àbẹ̀kẹ́_Lọ́ńdọ̀nù · 6:58 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìjíròrò o. Ẹnu Ṣáínà ni gbogbo yín wà, ẹ má gbàgbé Madagascar. Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ibẹ̀, lágbègbè Toliara, àwọn ìdílé etíkun ló ń sin irú mìíràn, Holothuria scabra. Wọ́n á gba ọmọ rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ tó ń bí i, wọ́n á fi àwọ̀n ṣe ọgbà sínú òkun tí kò jìn, wọ́n á máa ṣọ́ ọ nítorí olè. Láti 2013 ni irú yìí ti wà lára àwọn ẹ̀dá tí IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ààbò ẹ̀dá, kà sí èyí tó wà nínú ewu ìparun, nítorí wọ́n ti kó ti inú òkun tán níbi púpọ̀.

Ẹ wò ó, ọgbà yẹn kò ní ilẹ̀kùn. Bí àwọn tó wà nínú rẹ̀ bá dàgbà tó láti tú ẹyin, ẹyin wọn á bá omi lọ pàdé ti ìta. Bí òbí mẹ́ta péré ló bí gbogbo wọn, ẹ̀jẹ̀ òbí mẹ́ta yẹn náà lẹ ń tú sínú òkun. Iṣẹ́ kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2004 lórí irú yìí gba ẹni tó bá fẹ́ dá ọmọ padà sínú òkun nímọ̀ràn pé kí ó lo òbí tó ti itòsí wá, nítorí pé ti àdúgbò kan lè yàtọ̀ sí ti àdúgbò kejì. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí àmì DNA ti kọ́kọ́ wúlò, kí a tó máa sọ̀rọ̀ títóbi.

---

Ìyá_Ẹlẹ́ja_Ìkòròdú · 8:12 alẹ́

Ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá ọmọ bàbá yìí ni kò jẹ́ kí n jẹun alẹ́ dáadáa.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn mo ra òbí àrọ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin kan, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ogún ni, wọ́n dára lójú, wọ́n dọ́gba bí ìbejì. Dídọ́gba yẹn ló fà mí mọ́ra! Nígbà tí mo fi wọ́n bímọ, àwọn ṣútà, èyí tó ń yára tóbi ju ẹgbẹ́ wọn lọ, wà níbẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyókù rán, ìrù àwọn kan wọ́, àwọn mìíràn ń lúwẹ̀ẹ́ po ojú kan. Mo ní omi kànga ni. Mo pààrọ̀ omi. Mo pààrọ̀ oúnjẹ. Mo pe pásítọ̀.

---

Ọmọ_Odò_Ọ̀ṣun · 8:30 alẹ́

Pẹ̀lẹ́ o, Ìyá mi. Mi ò lè jókòó ní Qingdao kí n bú ẹ̀jẹ̀ wọn, oúnjẹ àti ooru lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ jọ̀ọ́, akọ mélòó lẹ pa láti gba àtọ̀ wọn?

---

Ìyá_Ẹlẹ́ja_Ìkòròdú · 8:34 alẹ́

Akọ kan. Abo márùn-ún ni mo da àtọ̀ rẹ̀ lé lórí. Ṣé ẹni tó bá pa akọ mẹ́ta kò ní jẹ gbèsè ni?

---

Ọ̀gá_Adágún · 8:49 alẹ́

Ìyá, ẹ wá rí i. Ọmọ bàbá kan ni gbogbo wọn nìyẹn. Bí àwọn ogún yẹn bá sì jẹ́ ọmọ ìyá kan, ọ̀rọ̀ ti parí. Èyí kò tíì kan DNA o. Ẹ ra akọ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ìlú tó jìnnà bí ó bá ṣeé ṣe, abo lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ má ṣe yan òbí ọdún tó ń bọ̀ láti inú adágún kan ṣoṣo. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

---

Ìyá_Ẹlẹ́ja_Ìkòròdú · 9:03 alẹ́

Mo gbọ́, ọ̀gá mi. Màá ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ mo fẹ́ mọ ohun tí ọkùnrin yẹn tà fún mi. Mẹ́rìnlá nínú wọn ṣì wà láàyè. Sisí, bí mo bá gé díẹ̀ lára lẹbẹ wọn, ṣé lábù yín lè wò ó? Kí ni mo máa fi í pamọ́ kí ó tó dé Ìbàdàn? Ògógóró gidi wà nílé, ti Ìlàjẹ.

---

Sisí_Lábù_Ìbàdàn · 9:21 alẹ́

Ẹ lè gé e mà, lẹbẹ á hù padà. Ègé kékeré bí èékánná ti tó. Àbẹ́ kan fún ẹja kan, tàbí kí ẹ nù ún dáadáa, kí ti ẹ̀yí má baà lẹ̀ mọ́ ti ọ̀hún. Ike kọ̀ọ̀kan kí ó ní nọ́ńbà tirẹ̀, pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́ sórí bébà kí ẹ jù ú sínú ike, nítorí ọtí á pa bírò rẹ́. Ní ti ògógóró, rárá. Omi inú rẹ̀ ti pọ̀ jù, DNA á bàjẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ethanol 95% ni kí ẹ rà, kí ọtí náà pọ̀ ju ègé lẹbẹ lọ dáadáa, kì í ṣe kí ó kàn tutù lára. Mo ti fi iye owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín ní ìkọ̀kọ̀, ẹ jókòó kí ẹ tó kà á.

---

Bàbá_Èpẹ́ · 9:25 alẹ́

Ìyá Ẹlẹ́ja, ẹ fi ògógóró yẹn ránṣẹ́ sí Èpẹ́. Mo mọ ibi tí a ó tọ́jú rẹ̀ sí.